Àfòpiná Dúrọ́ọ̀ Kẹsàn-án

Ìyá Àfòpiná ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé àkójọ kòkòrò ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi abẹ́rẹ́ gún kòkòrò gbígbẹ, kó tẹ́ ìyẹ́ wọn, kó sì kọ àkọlé sábẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé ojú ń dùn yín, ẹ wá kọ̀wé sórí páálí tí kò tó èékánná!

Àfòpiná kan wà nínú dúrọ́ọ̀ kẹsàn-án, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò ju wóró ìrẹsì lọ, àwọ̀ eérú ló ní. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí ló mú un lára ògiri balùwẹ̀, tó fi í sínú páálí ìṣáná. Kí oṣù yẹn tó parí, ibà mú ọmọ náà lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré. Nígbà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ìyá wo kòkòrò náà, tí kò rí irú rẹ̀ rí, orúkọ ọmọ yẹn ló fi sọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ti débi iṣẹ́, dúrọ́ọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń ṣí.

Lọ́dún tó kọjá, ó rí irú àfòpiná náà kan tó ń yé ẹyin sára ewé òdòdó lójú fèrèsé ilé rẹ̀. Ó fi ìgò bò ó, ó sì tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Àwọn abo jáde pẹ̀lú àwọ̀ eérú. Àwọn akọ pupa rúsúrúsú. Ìyá tẹjú mọ́ wọn. Ó mọ àwọn pupa yẹn dáadáa. Dúrọ́ọ̀ kejì kún fún wọn, akọ ni gbogbo wọn, ó sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí wọ́n ti ní orúkọ tiwọn. Òfin iṣẹ́ wọn kì í ṣojúsàájú: orúkọ tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá mọ̀ pé irú kan náà ni wọ́n, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló máa kúrò.

Ó gbé ìgò náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni ìbá mọ̀? Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá wò ó títí. "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ gbé wá yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá."

"Ẹ ò bá ti panu mọ́."

"Ọmọ yẹn kì í parọ́. Mi ò lè máa fi orúkọ ẹ̀ parọ́."

Ọ̀gá ní kó jẹ́ kí òun bá a kọ àkọlé tuntun. Ó kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó fi sábẹ́ ti àtijọ́, ó sì gbé àfòpiná náà lọ sí dúrọ́ọ̀ kejì, sáàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Kò sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó débi iṣẹ́, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kẹsàn-án bó ṣe máa ń ṣe. Ihò abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ fún.