Orúkọ Tí Ìyá Múfù Ní Kí N Kọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí wọ́n ní ká wá fi Nàìjíríà han aráyé. Ojú ń tì mí títí dòní, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́.

Ayé ìjọba ológun ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ábẹ́òkúta, gírámà sì kún ẹnu mi bí ẹ̀bà gbígbóná. Ìpàtẹ ńlá kan ń bọ̀ lókè òkun. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀, á kó ohun tó bá fẹ́ kí wọ́n fi mọ òun sínú rẹ̀. Èyí tí kò fẹ́ kí wọ́n rí, á fi sílé. Àbí ẹ rò pé a kó iná tó ń lọ tó ń bọ̀ dání?

Wọ́n ní kí ọ́fíìsì wa wá àdìrẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣèpàdé! Àwa mẹ́jọ wọ kóòtù nínú ooru, à ń jiyàn lórí irú aṣọ tó jẹ́ tiwa gan-an.

Níkẹyìn, wọ́n rán mi sí Ìyá Múfù ní Ìtòkú. Gbogbo aláró ló gbà pé kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ pákí ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ bíi tirẹ̀. Ó gbé ọ̀kan jáde nínú àpótí, aró rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé ó ń dán. Ó ní òun á yọ̀ǹda rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ òun sábẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe Ìyá Múfù o, akọ̀wé. Sinátù Àbẹ̀kẹ́ ni kí o kọ. Múfù ò bá mi tọwọ́ bọ aró rí."

Aláró kan tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. "Sinátù, o fẹ́ di òyìnbó!"

"Mo ti di òyìnbó! Gúdù mọ́nìn ni kí ẹ máa kí mi."

Mo ṣèlérí.

Mo kọ orúkọ náà lóòótọ́. Ọ̀gá wa fi báírò pa á rẹ́. Ó ní bí àwọn òyìnbó bá rí orúkọ ẹnì kan, wọ́n á rò pé ọjà la wá tà, bẹ́ẹ̀ ohun àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Ó ní kí n kọ ohun tó wúwo. Kí ni mo sọ? Yẹ́ẹ̀sì sà! Mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ayé àtijọ́ ni, àwọn tó ti kọjá lọ, tí a kò mọ orúkọ wọn mọ́. Ká má purọ́, gbólóhùn náà dùn mọ́ mi. Mo kà á fún àfẹ́sọ́nà mi lẹ́ẹ̀mejì!

Nígbà tí ìpàtẹ parí, wọ́n fi ìwé àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Aṣọ náà gba odidi ojú ewé kan, gbólóhùn mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mú un lọ fún Ìyá Múfù. Kò mọ̀wé kà. Ó fi ìka sí ìlà tó wà lábẹ́ àwòrán náà, ó ní kí n ka orúkọ òun fún òun.

Ibẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́ pátápátá. Mo kà á: "Sinátù Àbẹ̀kẹ́, Abẹ́òkúta, Nàìjíríà." Ó dijú. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Kí ni mo rò? Pé kò sẹ́ni tó mọ̀wé l'Ábẹ́òkúta, níbi tí a ti ń fi ìwé kíkà ṣe fáàrí? Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ aláró, ó gbé ìwé náà fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti ṣe tísà rí, pé kó kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Tísà náà kà á.

Kò wá bú mi. Ó dá ìwé náà padà, ó fi rán Múfù, àgbà ọkùnrin tó ti bímọ. Múfù dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, ó ní, "Ìyá mi ní kí n bi yín, ọjọ́ wo làwọn kú? Àwa ọmọ wọn ò tíì ṣe fídáù."

Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó tó ìgbà mẹ́ta. Ó ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, ó ń fún mi lómi mu. Ṣùgbọ́n kò tún pè mí ní akọ̀wé mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn yangàn, kó dárúkọ onítọ̀hún nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Iṣẹ́ ta lẹ ti fi ṣe fáàrí rí tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ni kí ẹ kọ.