Ọwọ́ Òsì Bàbá

Àwọn ará ilé kejì ń yọ́ òrí láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí àgbàlá wa ní àdúgbò Banikanni nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi, tó máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Nàìjíríà, jókòó lórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi òrí gbígbóná wọ́ apá ọ̀tún rẹ̀, Bàbá sì ń bi í ní iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún un níléèwé.

"Kí ni òdìkejì strong?"

"Weak, Bàbá."

"Ti hard ńkọ́?"

"Soft."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Owú jẹ mí dé eegun.

"Ẹ bi èmi náà! Ẹ jẹ́ kí èmi náà wọ́ ọ!"

"Máa lọ ṣeré," ni Bàbá wí, ó sì fi ọwọ́ òsì lé mi.

Ọwọ́ òsì! Sí ọmọ tó bí! Mo kọ oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo dàgbà ló tó yé mi pé apá ọ̀tún Bàbá ti rọ, kò ṣe é gbé mọ́.