Odi Ẹnu Odò àti Ẹni Tó Fẹ́ Jẹ Balógun

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jẹ Balógun. Kì í ṣe Balógun ìlú wa nílé o. Balógun àwa ọmọ ìlú tó wà ní Chicago ni, àwa tí a kò rí ogun kankan rí ju yìnyín lọ. Mánẹ́jà ni nílé ìkẹ́rùsí kan ní Joliet. Ó ti tẹ "Balógun" sára káàdì tó ń pín. Ohun tó kù kò ju kí bàbá mi, tí í ṣe ìjòyè nílé, gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọba.

Nígbà tí Bàbá wá kí wa, àna rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pápákọ̀ òfurufú títí ọlọ́pàá fi wá béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun máa mú Bàbá lọ wo odi tí àwọn sọ́jà kọ́ láyé àtijọ́ láti fi ṣọ́ ibi tí odò ti pàdé adágún. Àwọn méjèèjì wọ agbádá. Àgbá ogun ni Bàbá ń retí láti rí.

A dé ẹsẹ̀ afárá. Kò sí odi. Idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ́ mọ́lẹ̀ láti fi ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀ hàn, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá, wọ́n ń lá áísìkirìmù.

"Àna mi, odi dà?"

"Bàbá, orí rẹ̀ lẹ dúró sí yìí, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí ogun dé láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pàṣẹ kí àwọn sọ́jà kó jáde. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, pàdé wọn lọ́nà, wọ́n pa púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì dáná sun odi. Ìjọba tún òmíràn kọ́, wọ́n sì wó ìyẹn náà nígbà tó yá.

"Wọ́n wà nínú odi, wọ́n wá jáde lọ bá ogun níta?"

"Àṣẹ ni, sà. Èmi ò ní gbà!" Ó fọwọ́ sọ̀yà. "Balógun gidi kì í fi ibùdó sílẹ̀."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo rí ọkọ̀ àwọn tó ń wọ́ mọ́tò, tó ń fi irin kọ́ mọ́tò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi níbi tí kò yẹ kó gbé e sí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń wọ́ mọ́tò yín lọ o!"

Ó ká agbádá dé ọrùn, ó fi eré sí i. Fìlà bọ́, kò wẹ̀yìn. "Ọ̀gá! Wait, wait! I'm right here!"

Bàbá dúró sáàárín odi, ó gbára lé ọ̀pá. "Ìyẹn ti fi ibùdó sílẹ̀," ó sọ fún mi.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀bẹ̀, wọ́n tú mọ́tò náà sílẹ̀, ó sì wà á wá gbé wa. Ó wà wá kọjá Tinley Park, ìlú kan tí kò tiẹ̀ sí lọ́nà ilé. Ọkàn rẹ̀ ò sí níbi tó ń lọ mọ́.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ oyè yẹn ńkọ́, sà?"

"Láyé àwọn bàbá wa, Balógun tó bá fi ibùdó sílẹ̀ lójú ogun kì í padà wọ̀lú láàyè." Bàbá wo ojú ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n bí o bá kú báyìí, ta ló máa wà wá délé? Ọkọ ọmọ mi, máa wa mọ́tò."