Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbin-ò-yẹ-mí

Àbúrò mi obìnrin kì í tijú láti kórìíra èèyàn, iṣẹ́ ẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ máa ń po fọ́nrán igi mọ́ ike, wọ́n á fi tẹ pátákó inú ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan lèèyàn fi ń gbé e. Bí mọ́tò bá gbó, wọ́n á lọ pátákó náà, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á tún fi tẹ òmíràn. Àmọ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ ha á mọ́. Àbúrò mi lẹni náà.

Ṣíọ̀! Kí ni wọn kì í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn? Ṣingọ́ọ̀mù, ikun imú, èébì ọmọ tó ti gbẹ táútáú. Àwọn tó ń wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ ni o! "Ẹ̀gbin ò yẹ mí" ló máa ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó ṣe di orúkọ ẹ̀ níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá wá ṣèlérí fún un pé bí àwọn àlejò tó fẹ́ ra ọjà bá fẹ́ràn ilẹ̀kùn tuntun, òun á gbé e lọ sí yàrá ìtẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń dán bíi díńgí. Ṣùgbọ́n àlejò kù sí dẹ̀dẹ̀, pátákó àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ bí òkè. Ọ̀gá ní kí wọ́n dà á sẹ́nu ẹ̀rọ láìha.

"Ọ̀gá, tòun ti ìdọ̀tí?"

"Iná á pa á. Àbí o ò fẹ́ lọ sí yàrá ìtẹ̀ mọ́ ni?"

Ó fẹ́ lọ. Ó bá wọn dà á. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìràn mọ́: ọ̀gá fi àlejò bojú, àbúrò mi fi yàrá ìtẹ̀ bojú. Nígbà tí mo gbọ́, àwọn méjèèjì kó mi nírìíra.

Lọ́jọ́ àlejò, wọ́n de pátákó tuntun mọ́ mọ́tò kan, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i, wọ́n gbé e sínú oòrùn. Ó ń dán gbinrin. Ọ̀gá ní kí àbúrò mi jókòó sínú ẹ̀, kí wọ́n rí òṣìṣẹ́ tó ń sọ àlòkù di tuntun. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Oòrùn ti mú ike gbóná, gbogbo òórùn àtijọ́ ti jí: wàrà kíkan, sìgá, itọ́ èèyàn, lọ́fínńdà wá gun gbogbo ẹ̀ lórí. Ó mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ọwọ́ ẹ̀ tó kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ti bì sára pátákó tuntun náà, níṣojú gbogbo wọn.

Àwọn àlejò ò ra nǹkan kan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé iṣẹ́ wá sórí tábìlì ẹ̀ àtijọ́. Pátákó yẹn ló wà lókè pátápátá. Kò sẹ́ni tó nu èébì ara ẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo mú ọ̀bẹ."