Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ẹmu fún Àbẹ̀kẹ́

Òórùn kíkan ni. Bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta ẹmu lónìí, tí òórùn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ agbè bá fẹ́ sí mi nímú, kíá ni mo máa ń di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án padà: ìdájí kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ní Múṣín, aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn mi, korobá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lórí mi, èmi ọmọ alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí kì í fẹnu kan ọtí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Kí ẹ tó sọ pé ọmọ burúkú ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àbẹ̀kẹ́. Màlúù ni Àbẹ̀kẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Yábà, ni wọ́n rà á tọmọtọmọ, nítorí wọ́n ti búra pé mílíìkì inú agolo kò ní wọ ẹnu ọmọ àwọn mọ́. Orí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ilé wa, lápá ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìlúpéjú ti bẹ̀rẹ̀, ni a so ó mọ́. Màámi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń fún wàrà rẹ̀. A ó mu díẹ̀, wọ́n á fi omi ewé bọ̀mubọ̀mu sè èyí tó kù kó dì, wọ́n á tà á. Àwọn ará àdúgbò ń bú wa nítorí ìgbẹ́ màlúù, wọ́n sì ń ra wàrà wa. Èmi ni mo ń gé koríko fún Àbẹ̀kẹ́, èmi ni mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ó sàn fún mi ju àwọn àbúrò mi lọ, torí kò fi ẹjọ́ mi sùn rí.

Oòrùn ọdún yẹn le débi pé ẹni tó sá sábẹ́ páànù tún ń wá ibòmíì tó máa sá sí. Àbẹ̀kẹ́ kọ koríko. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wàrà tó ń kún korobá tẹ́lẹ̀ kò kún ife mọ́. Bàbá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Bí Àjíǹde bá dé tí kò tíì bọ̀ sípò, alápatà á wá mú un." Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹran, ojúlùmọ̀ bàbá mi, wá wò ó. Ó ní ooru ni kò jẹ́ kí ikùn màlúù náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí á ṣe àtíbàbà fún un, kí á máa fún un lómi dáadáa, kó máa jẹun nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì tutù, kí á sì máa po ife ìwúkàrà kan mọ́ èérí ògì fún un láràárọ̀. Ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì ṣọ̀wọ́n nígbà náà.

"Kò burú," ó ní. "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu náà, ìwúkàrà ni. Ẹ ṣáà má sè é o, mà. Ohun tó wà láàyè ni, ààyè rẹ̀ ló ń ran ikùn lọ́wọ́."

Màámi fajú ro. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Màámi ní ti àáké kọ́, ẹnu ọmọ ìjọ làwọn ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò fẹ́ kí owó wàrà lọ. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi lọ sí ìsọ̀ Bàbá Ẹlẹ́mu nìyẹn, ní ìdájí, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," wọ́n á ní, wọ́n á sì fi aṣọ bo korobá.

Bí mo bá gbé e dé, Màámi á gbé e kaná, wọ́n á sè é títí yóò fi hó, kí ọtí inú rẹ̀ lè kú. Wọ́n á tún gbàdúrà sí i. Ọtí kú lóòótọ́, ìwúkàrà náà sì kú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń jẹ ẹ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Mo ní, "Màámi, dókítà ní kí á má sè é."

"Ṣé dókítà ló máa bá mi jíhìn lọ́run ni?"

Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ kejì, mo ń bu ife kan tútù pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi kí n tó gbé ìyókù fún Màámi. Tútù yẹn ni mo ń pò fún Àbẹ̀kẹ́. Sísè náà, gọ́tà ni mo ń dà á sí, tàdúrà tàdúrà. Kò pẹ́ tí Àbẹ̀kẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lá abọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń jẹ koríko, wàrà sì ti dé ìdajì korobá. Màámi ní àdúrà ló gbà. N kò jiyàn.

Ohun kan ṣoṣo tó ń ni mí lára ni pé Bàbá Ẹlẹ́mu máa ń ṣan gbogbo agbè rẹ̀ sínú korobá mi, ó sì máa ń wúwo. A dúpẹ́ pé àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ láràárọ̀ tó máa ń bá mi gbé e karí. "Rọra o, ọmọ dáadáa," wọ́n á ní.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Ìyá Lídà, aya Bàbá Lídà, aṣáájú ìjọ tó ń kọ́ wa ní Bíbélì, dìde ní ìpàdé àwọn obìnrin. "Alága wa ń kọ ọtí fún wa, ọmọ wọn ń ru ẹmu láràárọ̀. Mo rí i, mo gbóòórùn rẹ̀. Kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lórí àga." Wọ́n pè mí wọlé. Ìyá Lídà ló bi mí léèrè.

"Ṣé lóòótọ́ lo ń lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́mu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí màlúù wa ń jẹ ni. Ẹ bi Bàbá Lídà, mà, àwọn ló máa ń bá mi gbé e karí."

Ìyá Lídà jókòó. Obìnrin kan wúkọ́, èkejì wúkọ́, kò sì sí ẹni tí ikọ́ ń ṣe nínú wọn. Wọ́n ka oore-ọ̀fẹ́ kíákíá, wọ́n túká.

Lójú ọ̀nà ilé, mo jẹ́wọ́ ti gọ́tà fún Màámi. Wọ́n dúró. "O purọ́ fún èmi, o sòótọ́ fún ìjọ. Èwo ni kí n nà ọ́ fún?"

Méjèèjì ni wọ́n nà mí fún. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, wọ́n wé gèlè, wọ́n bá mi lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu, wọ́n gba ojú títì. Nígbà tí Àjíǹde dé, adìyẹ la pa. Bàbá Lídà kò bá mi gbé korobá karí mọ́, wọn ò sì wojú mi tààrà mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí a fi kó kúrò ní Múṣín. Ó dùn mí, torí wọ́n ṣe mí lóore.

Lónìí, mo ti ju Màámi ìgbà yẹn lọ lọ́jọ́ orí, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Súrùlérè. Mo ti bá àwọn àgbà ìjọ pàdé níbi tí kò yẹ kí á ti pàdé. A kí ara wa, a béèrè àwọn ọmọ, a kọjá. Ní ìpàdé, bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan, mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ mi kaná ná, mo máa ń sè é títí tí kò fi ní í ta ẹnikẹ́ni lára. Gbogbo wọn ní mo gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ì bá ti dà á sí gọ́tà.