Ẹ̀wà Orí Òkìtì

Ìbídùnní kì í ṣe ẹni tó ń wá ìjà. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ ìyàwó ọlọ́pàá ní Maiduguri, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń tilẹ̀kùn, kó panu mọ́. Kòtò tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ngomari ló yí i lọ́kàn padà.

Àwọn tó ń ṣe títì ló gbẹ́ ẹ, wọ́n wa yangí inú rẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn yóò dà á padà tí iṣẹ́ bá parí. Iṣẹ́ parí, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò rọ̀, kòtò kún, Máyọ̀wá ọmọ Ìbídùnní sì kú sínú omi náà. Inú ṣì ń bí i títí dòní, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó wá bá òun tù ú.

Lọ́dún yìí, títì tún bàjẹ́. Ìròyìn dé pé wọ́n ń bọ̀ wá fẹ kòtò náà sí i, àti pé òkìtì erùpẹ̀ yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ kó lọ, kí wọ́n fi gbin koríko sílé olówó kan ní Wulari. Ìbídùnní kò bá ẹnì kankan jiyàn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gun òkìtì náà, ó gbin ẹ̀wà sí i látòkè délẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ṣé gbogbo ilẹ̀ Borno ni kò tó o ni. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Ìgbà tí ẹ̀wà so ni típà dé. Awakọ̀ tó ṣáájú rí ewé, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn kì í fi táyà tẹ ohun tó ti so lóko ẹlòmíràn. Ó kí i ní Hausa, "Sannu, Mama," ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi dongoyaro.

Làtíì, ọ̀gá iṣẹ́, tó jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ló wá bẹ Ìbídùnní. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, màá wá oko mìíràn fún yín, èyí tó fẹ̀ ju báyìí lọ."

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé oko ni mò ń wá? Ẹ dí ti àná kí ẹ tó gbẹ́ tòní."

"Wọn ò fi ìyẹn sínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi, mọ́mì."

"Ta ló wá fi Máyọ̀wá sínú ẹ̀?"

Làtíì wo kòtò, ó wolẹ̀. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì bá wọn fà á títí. Àwọn awakọ̀ yòókù náà ti pa ọkọ̀ wọn.

Níkẹyìn, àwọn ọ̀gá gbà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n fa omi kòtò náà gbẹ. Òkúta àti ìdọ̀tí tó jáde lára ibi tuntun tí wọ́n ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú èyí àtijọ́, títí ó fi kù díẹ̀ kó bá ilẹ̀ dọ́gba. Làtíì bá padà wá.

"Mọ́mì, ó ku erùpẹ̀ òkè tí a máa fi bò ó. Ẹ̀wà yín ò sì tíì gbó. Ṣé ká dúró ni?"

Ìbídùnní gun òkìtì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ẹ̀wà àkọ́kọ́ tu, tòun ti èso tútù lára rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú.

"Ẹ máa kó o," ó wí. "Ẹ̀wà kọ́ ni mò ń ṣọ́."