Ọwọ́ Tí Mo Fi Rán Ìtànná Lílì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹrìnlá ọjọ́ náà tán ni. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fa etí kọ́tìnnì tó ti tú sórí itan mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ni, ní Humble, ní Amẹ́ríkà níbí, nítòsí pápákọ̀ òfurufú, níbi tí bàálù ti máa ń kọjá lórí òrùlé tí ife omi á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó rán mi ní iṣẹ́ kọ́tìnnì. Ẹ̀yìn mi ló ti ń ro mí láti yàrá kẹfà, mo sì ń wá nǹkan tí mo lè máa fi ọwọ́ ṣe tí màá fi lè jókòó. Nígbà tí mo sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì, ọwọ́ òsì ni mo fi mú abẹ́rẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yìí. Òun ni Ọlọ́run dá mọ́ mi láti máa lò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi àgbà fi àkísà dì í mọ́ mi lára, tíṣà mi sì fi rúlà nà án títí ó fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mú pẹ́ńsù. Mi ò bá wọn jiyàn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, òun ni mo fi ń jẹun. Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò gbà fún un. Bí mo bá fi ọ̀tún rán nǹkan, ojú rírán rẹ̀ á dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń fara pamọ́ ránṣọ, bí ẹni tó ń jí ẹran mú nínú ìkòkò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n kó kọ́tìnnì náà lọ sí ilé ìfọṣọ. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ wa jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí awò ojú wọn sì máa ń rọ̀ sọ́rùn wọn pẹ̀lú okùn. Wọ́n gun àtẹ̀gùn wá bá mi, kọ́tìnnì wà ní apá wọn, wọ́n béèrè bóyá èmi ni mo rán an. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kí n tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni àwọn wá gbọ́. Wọ́n ní nílé àwọn ní Third Ward, àwọn máa ń rán aṣọ ìbora alábala tí wọ́n ń pè ní kúìtì, àwọn sì ń rán àsíá ìjọ àti aṣọ pẹpẹ. Bí Àjíǹde bá ti kọjá, àwọn ń fi hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kí àwọn lè gbájú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti pọ̀ ju ojú ẹnì kan lọ. Kí n máa wá ní àràárọ̀ Sátidé láti kọ́ ọ. Bí mo bá lè rán ìtànná lílì kan sára aṣọ pẹpẹ, tí ojú kò rí òwú rẹ̀, kí Sọ́ńdè Ọ̀pẹ tó dé, àwọn á gbà mí síṣẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́ta kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Dókítà ti sọ fún mi pé bí mi ò bá fi iṣẹ́ tí mò ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe yìí sílẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mi ò ní lè gbé ọmọ mi nílẹ̀. Iléeṣẹ́ epo tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní La Porte ti dá a dúró nígbà tí owó epo já wálẹ̀. Ó ń wa takisí, àwọn tí ìbá sì wọ takisí náà ń wáṣẹ́ bíi tirẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń bá wa gbé àbíkẹ́yìn wa, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Wọ́n ti ilé wá nígbà tí mo bímọ, wọn kò sì tíì padà. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, dékíà, ibi tí wọ́n ti ń gbowó tọ́jú ọmọ, ni ìbá máa jẹ gbogbo ohun tí mo ń gbà. Gbogbo ilé dúró lórí ẹ̀yìn mi, ẹ̀yìn ọ̀hún kò sì fẹ́ dúró mọ́.

Lílẹ aṣọ mọ́ aṣọ ni iṣẹ́ náà. Nílé, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ya ló ń lẹ̀ ẹ́, á sì máa bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má rí ojú ibi tó lẹ̀. Àwọn tibí, aṣọ tí kò ya ni wọ́n ń lẹ̀, wọ́n á sì gbé e kọ́ síwájú ìjọ. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín ní Sátidé àkọ́kọ́. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. A ó ya ìtànná sórí páálí, a ó gé aṣọ tẹ̀lé e, a ó fi àyè sílẹ̀ yíká etí rẹ̀, àyè tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Ẹnu abẹ́rẹ́ la ó fi máa ti àyè yẹn wọ abẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibi tí a bá tẹ̀ nìkan la ó sì rán, kí òwú yọ ní etí ìṣẹ́po gan-an, kó tún rì síbi tó ti yọ. Níbi tí ewé bá ti ṣe ṣóńṣó, a ó ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tó bá ti tẹ̀ wọnú, a ó fi ẹnu àlùmágàjí là á díẹ̀ kó lè yí. Gbogbo rẹ̀ yé mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni kò yé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó níwájú wọn tí mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún ba aṣọ jẹ́. Ọ̀gá mi á wo iṣẹ́ mi, wọ́n á wo ojú mi. Ní Sátidé karùn-ún wọ́n bi mí, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, ta ló bá mi rán kọ́tìnnì yẹn. Mo wolẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ ju kí wọ́n rí mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ní ọwọ́ òsì lọ. Bí mo ṣe gọ̀ tó nìyẹn.

Ní Sátidé kẹfà wọ́n lọ wo ẹ̀wà lórí iná, mo bá yí abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ kejì. Ìbọ̀sẹ̀ ló wà ní ẹsẹ̀ wọn, mi ò gbọ́ ìrìn wọn. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti dúró tì mí. Mo sáré fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ tábìlì, abẹ́rẹ́ sì gún mi ní itan, èmi abiyamọ, ìyá ọlọ́mọ méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi bọ́.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “ṣé torí èyí lo ṣe ń pa aṣọ mi láti ọjọ́ yìí?”

Wọ́n gbé àga wọn wá kojú mi, wọ́n ní kí n máa wo àwọn bí ẹni ń wo dígí. Bí wọ́n bá gba apá ọ̀hún yí etí ewé ká, kí èmi gba apá ìhín. Kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti lẹ ewé ìtànná méjì. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, èmi fúnra mi kò rí òwú.

Mo gbé aṣọ náà relé kí n lè parí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé, mo gbàgbé ara mi nídìí rẹ̀ ní pálọ̀. Ìyá ọkọ mi jáde láti yàrá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí aṣọ náà wà fún. Mo ní aṣọ pẹpẹ ni, Mà.

“Ọwọ́ tí o fi ń ṣan ìdí ọmọ,” Ìyá ní, “òun náà lo fi ń rán èyí tí wọ́n máa tẹ́ síwájú Olúwa?”

Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Wọ́n ní bí mo bá tún ń lọ síbẹ̀ nítorí irú iṣẹ́ yìí, kí n máa pọn ọmọ mi lọ, àwọn kò ní bá mi gbé e kí n lè lọ máa fi òsì sin Ọlọ́run. Nígbà tí ọkọ mi wọlé tó gbọ́, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n ṣáà tún fi ọ̀tún gbìyànjú, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo fẹ́ sọ fún un pé imú mi ti wọgbà tó. Mo ká aṣọ náà sínú àpò, mo gé òmíràn, mo sì fi gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ yẹn fi ọ̀tún rán ìtànná lílì.

Ní Sátidé, ọ̀gá mi tẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún náà síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tí àwọn fẹ́ gbà síṣẹ́ kọ́ nìyí. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní League City tó ti ń béèrè iṣẹ́ náà, Sátidé tó ń bọ̀ ló kẹ́yìn, àwọn kò sì lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn ni wọ́n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìndínlógún. Bí mo ṣe délé, orí ilẹ̀ pálọ̀ ni mo sùn sí, mi ò lè dé yàrá. Ìyá mú òrí wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fi pa mí lẹ́yìn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àpò aṣọ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n kó aṣọ méjèèjì jáde. Kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ, Ìyá ti hun kíjìpá ní ilé bàbá wọn, ọwọ́ sì ni ahunṣọ fi ń mọ aṣọ. Wọ́n di ojú wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí ìtànná kan, wọ́n tọ ti ìkejì, wọ́n tún padà sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ká méjèèjì, wọ́n fi ti ọwọ́ òsì sí òkè.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá ọ̀gá mi ránṣọ. Ojú wọn ti ṣókùnkùn báyìí. Bí mo bá lọ kí wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo ohun tí mo bá rán. Ìyá padà sílé, wọ́n sì ti sùn nínú Olúwa. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ro mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbé gbogbo ọmọ tí mo bí. Bí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìjọ bá ní kí n kọ́ àwọn ní iṣẹ́ lílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu abẹ́rẹ́ àti àtàǹpàkò ni mo máa ń sọ fún wọn. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá Ìyá yí ọkàn padà nípa ọwọ́ òsì, àbí ó kàn rẹ̀ wọ́n láti máa fi òrí pa mí lẹ́yìn ni. Ó ti rẹ gbogbo wa nígbà yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ tọ ìtànná yẹn, mò ń ká aṣọ ọmọ, Ìyá jókòó tì mí, wọ́n gbé àpò náà lé mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́ títí wọ́n fi wọ bàálù padà sílé.

“Máa fi òsì rán an. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn ní Sátidé, ìyàwó mi, ọ̀tún ni kí o fi gbé e lé wọn lọ́wọ́.”